Mo fẹ́ ta ọ̀bẹ ìdáná mi lórí ayélujára: kí ni kí n kọ sí i?

ỌmọBódìjà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀bẹ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ tà. Ọ̀bẹ ńlá ti àwọn ṣẹ́ẹ̀fù ni, Henckels ti Jámánì. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbé e sórí Jiji, mo gbé e sí WhatsApp status pẹ̀lú, ẹnì kan ṣoṣo ló pè mí. Òun náà ní kí n gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo já fóònù mọ́ ọn létí. Ohun tí mo kọ rè é:

“Ọ̀bẹ Jámánì orijínà. Ó mú gan-an. Kò ní àbùkù kankan. Ẹ wá ìnbọ́ọ̀sì fún iye. Àwọn tó múra nìkan o.”

Fọ́tò kan ni mo fi sí i, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e lé, alẹ́ sì ni mo yà á. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lò ó nígbà tí mò ń ṣe kátárìn. Iṣẹ́ ti yí padà báyìí, inú dúrọ́ọ̀ ló kàn wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìyá_Alásè
Ọmọ mi, má bínú sí mi o. Èmi tí mò ń wá ọ̀bẹ kiri yìí, bí mo bá rí irú ìpolówó yẹn, ìka ni màá fi tì í sókè, màá bá tèmi lọ. “Ẹ wá ìnbọ́ọ̀sì fún iye” yẹn nìkan ti lé oníbàárà dànù. Ta ló fẹ́ wá máa kí ọ ní “ẹ ǹ lẹ́ o, ilé ńkọ́, ṣé dáadáa ni” kó tó wá gbọ́ pé owó ọ̀bẹ náà ju agbára òun lọ? Kọ iye rẹ̀ sí gbangba. Bó bá ṣeé ná, kọ ọ́ pé ó ṣeé ná. Bí kò bá ṣeé ná, sọ ọ́ kí ẹlẹ́gbẹ̀rún-márùn-ún mọ̀ pé ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

“Ó mú gan-an” náà ò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni wo ló ń ta ọ̀bẹ tó máa sọ pé ó kújú? Sọ ohun tó ń gé. Tòmátò tó ti rọ̀, ṣé ó ń là á láìtẹ̀ ẹ́ fọ́? Ìgbà wo lo pọ́n ọn kẹ́yìn, kí lo sì fi pọ́n ọn? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń ta iná pàrà-pàrà yẹn ni wọ́n fi pọ́n ọn lọ́jà, mo fẹ́ mọ̀, torí ọ̀bẹ tí ooru ẹ̀rọ yẹn bá ti jó lẹ́nu, bí wọ́n pọ́n ọn láàárọ̀, ó lè ti kú kó tó di ọ̀sán.

Àti pé orí bẹ́ẹ̀dì kẹ̀! Ọ̀bẹ!

Ṣẹ́ẹ̀fù_Súrùlérè
Ẹ ṣé Mà, ẹ ti bá mi sọ ìdajì.

Bọ̀dá ỌmọBódìjà, ẹ lọ mú rúlà wá. Ohun tí ẹni tó mọ ọ̀bẹ kọ́kọ́ máa wá ni gígùn rẹ̀. Gígùn irin nìkan ni o, láti ṣónṣó orí dé ìdí níbi tí ẹnu rẹ̀ parí sí. Wọn kì í ka èèkù mọ́ ọn. Lọ́dún tó kọjá mo ra ọ̀bẹ kan tí wọ́n pè ní sẹ̀ǹtímítà 30. Inú mi dùn, mo ní ọ̀bẹ tí màá máa fi la kábéèjì ńlá nìyí. Ìgbà tó dé, irin rẹ̀ ò ju 17 lọ. Onítọ̀hún ti ka èèkù pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo pè é, ó ní, “Ṣé èèkù ò sí lára ọ̀bẹ ni, ọ̀gá?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Lẹ́yìn gígùn, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó níbi ìdí, torí bí kò bá fẹ̀ tó, ìka ẹni tó ń lò ó á máa gbá pátákó. Ẹ wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nípọn tó. Kí ẹ wá gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà kéèkì. Ọ̀bẹ Jámánì sábà máa ń wúwo ju ti Japan tí wọ́n jọ gùn dọ́gba lọ. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè má bìkítà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gé àpò méjì kí ilẹ̀ ọjọ́ ìnáwó tó mọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa sọ ìyàtọ̀ gíráàmù 50 fún un.

Ará_Düsseldorf
Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ wo àmì tó wà lára irin yẹn dáadáa. Ènìyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ṣé ọ̀kan ló dá dúró ni, àbí méjì?

Mò ń bèèrè torí pé “Henckels” lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni àmì méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, owó wọn ò sì dọ́gba. Èyí tó ní ènìyàn méjì ni Zwilling. Ìbejì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lédè Jámánì. Peter Henckels ló forúkọ àmì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ní ìlú Solingen, ní Jámánì, ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1731. Èyí tó ní ẹnì kan ṣoṣo ni ọjà tí owó rẹ̀ kéré díẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá wá kọ Henckels, tí fọ́tò yín ò fi àmì hàn, ẹni tó gbọ́n á gbà pé ẹlẹ́nìkan ni, owó ẹlẹ́nìkan náà ni á fi lọ̀ yín.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ “Solingen” sí i pẹ̀lú. Òfin ti ń ṣọ́ orúkọ ìlú yẹn láti ọdún 1938, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ọ̀bẹ tí kì í ṣe àgbègbè ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. “Jámánì orijínà” tí ẹ kọ yẹn, kò ní olùṣọ́. Mo ti rí i lára ọ̀bẹ tí kò fẹsẹ̀ tẹ Jámánì rí.

Bí ẹ bá mọ orúkọ irin náà, ẹ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìdáná Jámánì, X50CrMoV15 ni irin wọn. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín: 50 yẹn ń sọ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 15 sì jẹ́ ìwọ̀n króómù, èyí tí kì í jẹ́ kó tètè dógùn-ún. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Irọ́ tó ní nọ́ńbà nínú tètè máa ń tú.

ỌmọBódìjà
Háà! Méjì ni wọ́n o! Mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé, mo rí i: àwọn méjèèjì, ZWILLING J.A. HENCKELS, Solingen, Friodur, àti nọ́ńbà gígùn kan tó parí sí 200mm. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi Táyé àti Kẹ́hìndé gé ponmọ, mi ò mọ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà. 200 ni wọ́n kọ sí i, mo wọ̀n ọ́n, mìlímítà 194 ni mo bá. Kí n sòótọ́: ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí sìmẹ́ǹtì níbi ìsìnkú kan ní Ṣakí, orí rẹ̀ ṣẹ́. Mo gbé e fún ẹnì kan, ó bá mi lọ̀ ọ́ títí ó fi tún yọ orí. Ó mọ́ ọn ṣe débi pé bí mi ò bá sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé dandan ni kí n kọ ìyẹn náà?

Ìyá_Alásè
Dandan ni.

Ará_Düsseldorf
Friodur yẹn, ẹ fi í sí fọ́tò. Ó ń sọ pé lẹ́yìn tí irin náà kúrò nínú iná, wọ́n tún mú un wọ inú òtútù ńlá kó lè le. Àwọn tó ń wá a máa ń wò ó.

GbaOwóMiPadà
“Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Èmi nìyí o, mo ní rúlà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ra ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ “kò ní àbùkù” bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ó dé, ó ń dán, èèkù rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ dúdú. Mo ní kí lèyí? Mo fi kànìnkànìn ha á, pólíìṣì bàtà ló ń ṣí kúrò. Abẹ́ pólíìṣì ni lílà gbọọrọ kan wà, láti ìṣó àkọ́kọ́ dé ìkejì, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i. Èèkù tó là kọ́ ló dùn mí. Bó bá sọ fún mi, màá yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí ẹ̀, màá sì rà á. Àmọ́ látìgbà tí mo ti rí pólíìṣì yẹn ni mo ti ń wá nǹkan mìíràn tó tún fi pamọ́ lára rẹ̀, títí dòní mi ò gbádùn ọ̀bẹ náà.

Ẹ kọ 194. Ẹ kọ pé orí rẹ̀ ṣẹ́, ẹ ti tún un yọ. Ẹ yà á ní fọ́tò.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Ẹ má tíì kúrò níbi ìdí ọ̀bẹ yẹn, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Irú ọ̀bẹ yìí ní irin kókó kan láàárín èèkù àti ẹnu, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé kókó náà sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí ẹnu. Bí ẹ ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́dọọdún, ẹnu rẹ̀ ń jẹ lọ sókè. Kókó yẹn nípọn, òkúta kì í jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń jẹ ẹnu. Tó bá pẹ́, kókó á gùn ju ẹnu lọ, òun ni yóò máa kọ́kọ́ gbá pátákó.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé ẹnu ọ̀bẹ lé gíláàsì tábìlì tàbí pátákó tó tẹ́jú dáadáa, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá a dọ́gba. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀ níbi ìdí, àlàfo ti wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ tó ní irú àlàfo yẹn kì í gé ẹ̀fọ́ tán. Ẹ óò rò pé ẹ ti rẹ́ ẹ, ẹ gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ á so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀.

Àlàfo ò sọ pé ọ̀bẹ ti kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n á lọ kókó yẹn wálẹ̀. Àmọ́ owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń rà á ti kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀.

ỌmọBódìjà
Mo ṣe é. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ìmọ́lẹ̀ yọ, tín-ín-rín, bíi pé wọ́n fi bébà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó, ìdí nìyẹn tí ewédú mi fi máa ń so pọ̀! Èmi sì ń bá ọmọ iṣẹ́ mi jà pé kò mọ nǹkan í gé. Màá pè é ní ìrọ̀lẹ́ yìí, màá bẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Alásè
Pè é. Kó o tiẹ̀ fi owó rìsájì sí i.

Àgbẹ̀dẹ_Ọ̀yọ́_Tà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ní tèmi, ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ ni mò ń tà, èyí tí wọ́n rọ nílé. Kò ní ìbejì, kò ní Solingen, kò ní nọ́ńbà. Kí ni n óò wá kọ?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Ẹ ní ju ohun tí ẹ rò lọ. Ẹ kọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ irú irin tó lò. Ní ilé wa, irin sípíríǹgì ọkọ̀ ni, àwọn pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn mìíràn ń lo fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin, èyí tó ti gbó. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe de èèkù mọ́ ọn: ṣé irin rẹ̀ la inú igi já sí òdìkejì ni, àbí wọ́n kàn gún un wọ igi? Èyí tí wọ́n gún wọ igi lásán máa ń yọ, pàápàá bí wọ́n bá ń rẹ ẹ́ sómi.

Ẹ má fi dídógùn-ún rẹ̀ pamọ́. Ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ máa ń dógùn-ún bí wọn ò bá nù ún gbẹ. Tó bá kan òroǹbó, tòmátò tàbí àlùbọ́sà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á di eérú tàbí aró. Ìyẹn kì í ṣe ìpẹtà. Ìpẹtà pupa, ó sì máa ń ràn mọ́ ìka. Ẹ kọ ìyàtọ̀ méjèèjì sínú ìpolówó yín, kí ẹni tó rà á má baà pè yín lọ́jọ́ kejì pé ọ̀bẹ òun ti bàjẹ́. Ẹ kọ pé kó máa nù ún, kó fi òróró díẹ̀ pa á bí kò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ má sì pè é ní “stainless” láé. Bàbá mi gbọ́ ẹnì kan tó pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ṣẹ́ẹ̀fù_Peckham
Òótọ́ lẹ sọ. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Japan ń fi yangàn. Shirogami ni wọ́n pe ọ̀kan, aogami ni wọ́n pe èkejì: bébà funfun àti bébà búlúù. Àwọ̀ bébà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin náà ní Yasugi fi ń wé e ló di orúkọ rẹ̀. Ó ń dógùn-ún bíi ti Ọ̀yọ́, owó rẹ̀ sì ń báni lẹ́rù. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ láti tà, kó kọ bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n pọ́n àbí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tí wọ́n pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún. Mo ní ọ̀rẹ́ ọlọ́wọ́ òsì kan tó ra ọ̀kan láìbèèrè, gbogbo ẹja tó ń gé ló ń wọ́ gba ẹ̀gbẹ́.

Fún àwọn tó wà ní Ìlú Ọba níhìn-ín pẹ̀lú wa: ní England àti Wales, wọn kì í ta ọ̀bẹ ìdáná fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ní Scotland, ọmọ ọdún 16 lè ra ti ìdáná. Ọrùn ẹni tó ń tà á ni ẹ̀bi rẹ̀ wà, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ń rà á. Ẹ kọ ọ́ sínú ìpolówó yín pé ẹ óò bèèrè ọjọ́ orí. Kí ẹ sì ka òfin ìkànnì tí ẹ fẹ́ lò, torí àwọn ìkànnì kan kì í gba ọ̀bẹ rárá, àwọn mìíràn á yọ ọ́ kúrò láìsọ fún yín.

Àlhájà_Agbo_Oba
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dáa, àmọ́ ẹnì kankan ò tíì bèèrè ohun tí èmi máa kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé wọ́n ti fi gé ẹlẹ́dẹ̀?

ỌmọBódìjà
Bẹ́ẹ̀ ni Mà. Bí ẹ̀ẹ̀mejì, fún ìgbéyàwó.

Ọjà_Yá
Ẹ má kọ ìyẹn o! Ẹ óò lé ìdajì Ìbàdàn sá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó bèèrè.

Àlhájà_Agbo_Oba
Ọjà_Yá, má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bèèrè yìí, mo ti gbọ́, mi ò ní rà á, kò sì sí ìjà. Ká ní mo rà á ni, tí mo ti fi ṣe iléyá, kí n tó wá gbọ́ ńkọ́? Ta ló máa dá mi lóhùn nígbà yẹn? Ṣé ìwọ? Àwọn tí ẹlẹ́dẹ̀ ò dí lọ́wọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn ni kí ó wá.

Ẹlẹ́rù_Jẹ́jẹ́
Èmi kọjá ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀bẹ àlòkù gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ayé tí a wà yìí, ta ló mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe? Mi ò lè ra ọ̀bẹ tí mi ò mọ olówó rẹ̀.

Ìyá_Alásè
Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sọ ọ́ jáde. Tokunbo ni gbogbo wa ń lò, láti orí fìríìjì dé orí mọ́tò, àmọ́ tó bá di ọ̀bẹ, ọkàn máa ń kọ̀. Ohun tó ń tu irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lára ni pé kí ó rí i pé ènìyàn gidi ló ń tà á. Ọmọ mi, kọ ẹni tó lò ó, ibi tó ti lò ó, ohun tó fi gé, àti ìdí tó o fi ń tà á. “Mo ti fi iṣẹ́ kátárìn sílẹ̀.” Ìlà kan ni. Ìlà kan yẹn á ṣiṣẹ́ ju “orijínà” mẹ́wàá lọ. Bó o bá ní fọ́tò ibi tó o ti ń sè é, tí ọ̀bẹ náà wà lórí tábìlì níbẹ̀, fi í kún un.

Ayàwòrán_Ọjà
Ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ẹ yà á lọ́sàn-án lẹ́bàá fèrèsé, ẹ má lo fìláàṣì, torí irin á kàn tàn yanran ni, a ò ní rí nǹkan kan. Ẹ yà á ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè, àti ẹnu rẹ̀ ní kíkọjú sí kámẹ́rà: ẹnu tó mú kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà, ibi tó bá ń dán wínníwínní ni ó ti kú. Ẹ ya àmì náà, kí ẹ ya èèkù láti ibi tí ìṣó wà. Ẹ ya gbogbo àbùkù níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá kọ orúkọ yín orí ìkànnì àti ọjọ́ òní sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ nínú fọ́tò kan. Àwọn tó ń jí fọ́tò ẹlòmíràn polówó ò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ sì gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó yà á. Ẹ má ṣe dì í mú gírí bí ẹni tó fẹ́ já ilé. Mo rí ọ̀kan báyẹn, ọkùnrin náà fajú ro, ó na ọ̀bẹ sí kámẹ́rà. Ta ló fẹ́ lọ pàdé onítọ̀hún?

Wébíìlì_Ìwó_Road
Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Mo ń kó ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ọ̀bẹ tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn ló là mí ní àtẹ́lẹwọ́, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo kàn mú báàgì náà ni, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ gé páálí tó nípọn, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó bo ẹnu ọ̀bẹ, kó gùn ju orí rẹ̀ lọ ní ìka méjì. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é yíká títí, tẹ́ẹ̀pù kan kó kọjá dé èèkù kí àkọ̀ náà má baà yọ̀. Ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ sí ṣónṣó orí. Inú páálí mìíràn ni kó wá wà, kò gbọ́dọ̀ máa mì níbẹ̀. Kí ẹ kọ Ọ̀BẸ gàdàgbà sí òde, kí ẹni tó ń gbé e mọ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ẹni tó rà á máa wọ̀ padà, ẹ sọ fún un pé inú ẹrù tó máa lọ sábẹ́ ni kó kó o sí, wọn ò ní jẹ́ kó gbé e dání wọlé.

ỌmọBódìjà
Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

“Ọ̀bẹ ṣẹ́ẹ̀fù Zwilling (alámì ènìyàn méjì), Solingen, Friodur. Irin rẹ̀ gùn ní mìlímítà 194. 200 ni nígbà tó wà ní tuntun, orí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ti tún un yọ (fọ́tò 5). Ó fẹ̀ ní mìlímítà 43 ní ìdí. Gíráàmù 255 ni. Èèkù dúdú, ìṣó mẹ́ta, kò là, kò mì. Àlàfo tín-ín-rín wà ní ìdí ẹnu nítorí kókó irin tó yọ (fọ́tò 6), ó ń fẹ́ lílọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ló lè lò ó. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la lò ó fún ọdún 6 nínú kátárìn ní Ìbàdàn: ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́. Ó ti gé ẹlẹ́dẹ̀ rí. Mo fi òkúta pọ́n ọn ní ọjọ́ Àìkú, ó ń la tòmátò láìtẹ̀ ẹ́. Kò sí páálí rẹ̀, kò sí rìsíìtì. Mò ń tà á torí mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. ₦55,000, ó ṣeé ná díẹ̀. Ẹ lè wá wò ó ní Bódìjà, tàbí kí n fi wébíìlì ránṣẹ́ nínú àkọ̀ páálí. Ẹni tó rà á ló máa san owó wébíìlì.”

Ṣẹ́ẹ̀fù_Súrùlérè
Ó pé. Ẹ gbé iye lọ sí ìlà kìíní pẹ̀lú orúkọ àti gígùn. Lórí fóònù, ìlà méjì péré ni wọ́n máa ń rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ọjà_Yá
Mo ṣì ń sọ ọ́, àbùkù ti pọ̀ jù nínú ìpolówó yìí. Bíi pé ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rà á ni.

GbaOwóMiPadà
Èmi ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí n rà á. Ká ní mi ò ti ní ọ̀kan, mò bá ti wà ní Bódìjà.

ỌmọBódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti lọ! Ọjọ́ kẹrin ni. Arábìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní Òṣogbo ló rà á, ó ná an dé ₦50,000. Kò bèèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ní òkúta nílé, òun á lọ kókó yẹn fúnra òun, kí n sáà yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún iṣẹ́ ọwọ́ òun. Mo yọ ọ́. Mo fi páálí bàtà ọmọ mi ṣe àkọ̀ bí Wébíìlì ṣe ní kí n ṣe é, mo kọ Ọ̀BẸ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi náà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti sọ ọ́ nígbà yẹn pé ọ̀bẹ ni.

Ará_Düsseldorf
A bá yín yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bẹ kékeré kan wà lẹ́yìn nínú fọ́tò 3, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ata, èèkù igi, ó jọ ti Solingen àtijọ́. Ṣé títà ni?

ỌmọBódìjà
Ti màmá mi nìyẹn. Ẹ má bá mi dá ogun sílé.